BÁ A TI Ń ṢE NÍLÉ WA, ÈÈWỌ̀ IBÒMÍRÀN

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọlọ́jà sọ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, lórí ìbéèrè yìí: Ṣé ọ̀kan ṣoṣo ni ìwà rere ní gbogbo ayé, tàbí olúkúlùkù ìlú ni ó ń dá tirẹ̀ sílẹ̀?

  

Bóyá ni ibì kan wà tí ó yẹ kí a ti gbé ọ̀rọ̀ òní kalẹ̀ ju Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ lọ. Lẹ́bàá odò tí ó ti ilẹ̀ Èkìtì ṣàn wá, lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Akúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ni ìlú yìí wà. Ọjà oúnjẹ rẹ̀ sì ti kó onírúurú ènìyàn jọ. Ọmọ Akúrẹ́ wà níbí, ọmọ Ọ̀wọ̀ àti ọmọ Èkìtì wà níbí. Ebira ń kọ ebè, Íbò àti Haúsá ń ná ọjà. Níbi tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá ti ń gbé pọ̀, ọ̀rọ̀ àṣà kì í pẹ́ di àríyànjiyàn. Eléyìí yóò ní ohun tí tọ̀hún ń ṣe kò dára. Tọ̀hún yóò dáhùn pé bí wọ́n ti ń ṣe é nílé baba òun nìyẹn. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́, ni wọ́n ṣe pa á lówe pé: Bá a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Òtítọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ ọ́ di aṣọ tí wọ́n fi ń bo ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Èyí ni ó mú wa dìde sọ̀rọ̀.

ÌHÀ MÉJÌ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ PÍN SÍ

Àwọn ẹgbẹ́ kìn-ín-ní sọ pé kò sí ohun tí ó ń jẹ́ ìwà rere bí kò ṣe ohun tí ìlú bá fi ọwọ́ sí. Wọ́n ní ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ìlú bá ní ohun kan dára, ó dára. Bí ó bá ní kò dára, kò dára. Kí àlejò má sì yọjú sí i.

Àwọn ẹgbẹ́ kejì sọ pé ọ̀nà rere kan ṣoṣo ni ó wà láyé, àwọn ni ó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ṣe bí wọ́n ti ń ṣe, ará oko ni, tàbí kèfèrí, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn òyìnbó fi gba ilẹ̀ wa: wọ́n ní àwọn ń mú ìmọ́lẹ̀ bọ̀, wọ́n sì kó kòkó àti epo lọ.

Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ni ó léwu. Ti kìn-ín-ní ń fún òǹrorò ilé ní asà. Ti kejì ń fún òǹrorò òde ní idà. Ẹ jẹ́ kí a wá bí a ó ti gba àárín méjèèjì kọjá.

ÌYÀTỌ̀ TÍ Ó WÀ NÍ ÒDE ARA

A kò lè sọ pé ìyàtọ̀ kò sí. Ọmọ Yorùbá tí ó bá na ọwọ́ òsì sí àgbà ti rí ìbínú. Níbòmíràn, ọwọ́ tí ó bá sún mọ́ ohun ni wọ́n fi ń mú un. Nílé wa, ọmọ tí ó bá tẹjú mọ́ àgbà nígbà tí àgbà ń bá a wí, aláfojúdi ni. Lọ́dọ̀ òyìnbó, ẹni tí ó bá wolẹ̀ nígbà tí a ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó dàbí òpùrọ́. Ẹni kan náà, ìwà kan náà, ìlú méjì, ẹjọ́ méjì.

Ọ̀ràn ìsìnkú ńkọ́? Láyé àtijọ́, inú ilé ni a ń sin àgbà sí, kí ó má baà jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀. Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí òkú sùn, aṣọ funfun ni wọ́n sì ń fi wé e. Onígbàgbọ́ gbé tirẹ̀ sínú pósí lọ sí itẹ́. Ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, òpìtàn Gíríìkì kan tí ń jẹ́ Herodotus sọ ìtàn Dáríúsì ọba Páṣíà, tí ó bi àwọn Gíríìkì pé èló ni wọn yóò gbà kí wọ́n tó jẹ òkú baba wọn. Wọ́n ní kò sí iye owó tí àwọn lè gbà. Ó wá bi ẹ̀yà kan láti ilẹ̀ Íńdíà, tí àṣà tiwọn jẹ́ láti jẹ òkú òbí wọn, pé èló ni wọn yóò gbà kí wọ́n tó fi iná sun ún bí àwọn Gíríìkì ti ń ṣe. Igbe ni wọ́n fi bọnu, wọ́n bẹ ọba kí ó má tilẹ̀ dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ìtàn yìí gbè fún ẹgbẹ́ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Kí ni ó ń bí àwọn méjèèjì nínú? Wọ́n rò pé ẹnì kejì fẹ́ kí wọ́n tàbùkù òkú baba wọn ni. Lórí pé ó yẹ kí a bọlá fún òkú, ohùn wọn dọ́gba. Ọ̀nà tí a óò gbà bọlá náà ni wọ́n ń jà sí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó láàárín ara yín. Ṣé ẹ̀yà kan wà ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tí ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kí ó da òkúta sínú àpò kòkó kí ó lè wúwo? Ṣé ẹ̀yà kan wà tí ó ń yin ẹni tí ó ti ìdí kóńgò wọnú kí gàrí má baà kún un? Láyé àwọn baba wa, obìnrin yóò pàtẹ iṣu sẹ́bàá ọ̀nà oko, yóò fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye owó rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Èrò ọ̀nà tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò mú iṣu, yóò fi owó ẹyọ sílẹ̀. Ọjà bẹ́ẹ̀ kò lè dúró bí kì í bá ṣe pé ohun kan wà tí ẹni tí ó ń tà àti ẹni tí ó ń rà jọ mọ̀ láìpàdé ara wọn.

ÌTÀN ÌBEJÌ OǸDÓ

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì àti ìsìnkú nìkan ni, à bá parí rẹ̀ síbí. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà sí ọjà. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan tí kò jìnnà sí wa.

Ìtàn ìlú Oǹdó sọ pé aya ọba kan láyé àtijọ́ bí ìbejì. Àwọn kan ní Odùduwà ni ọba náà, àwọn mìíràn ní Aláàfin Olúàṣo ni. Nígbà náà, èèwọ̀ ni ìbejì jẹ́. Pípa ni wọ́n ń pa wọ́n. Ẹnu ya ọba, ó kígbe. Àwọn àgbà sì sọ pé inú igbe yẹn ni orúkọ oyè Òṣemàwé ti jáde. Ṣùgbọ́n ọba kò lè pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ó yan àwọn tí yóò sin ìyá àti ọmọ jáde kúrò nílé, kí wọ́n lọ wá ibòmíràn tẹ̀dó. Ìrìn náà ni ó bí Oǹdó. Pupupu, ọ̀kan nínú ìbejì náà, obìnrin sì ni, ni a ń kà sí ọba Oǹdó àkọ́kọ́. Títí di òní, Lóbùn, olóyè obìnrin Oǹdó, kò ṣeé yọ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń fi Òṣemàwé jẹ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ ro ìtàn yìí. Ìlú ńlá kan wà láyé lónìí nítorí pé baba kan kò lè ṣe ohun tí àṣà ìlú rẹ̀ ní kí ó ṣe. Kò sí àlejò tí ó wá wàásù fún un. Kò sí ìwé tí ó kà. Ọmọ rẹ̀ ni ó wò, ó sì rí ọmọ.

Nígbà tí ó yá, Yorùbá yí padà pátápátá lórí ọ̀rọ̀ ìbejì. Èèwọ̀ di oríire. A ń gbẹ́ ère fún wọn, a ń se ẹ̀wà fún wọn, a ń kí ìyá wọn lọ́nà ọjà. Ìgbò-Ọrà tí ìbejì pọ̀ sí jù lọ, tí oníwádìí kan tí ń jẹ́ Nylander rí i láàárín 1972 sí 1982 pé wọ́n ń bí ìbejì ní nǹkan bí ìgbà 45 sí 50 nínú 1,000 ìbímọ, ọdún ìbejì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí.

Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní yóò sọ pé: Ẹ kò rí i bí? Ìlú ní kí a pa wọ́n, pípa dára. Ìlú ní kí a kẹ́ wọn, kíkẹ́ dára. A bi wọ́n léèrè: Ìyá tí wọ́n gba ìbejì lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ǹjẹ́ ẹkún rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹkún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú lónìí? Bí ẹkún náà kò bá yàtọ̀, a jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan ti wà níbẹ̀ tí ìlú kò tíì fẹ́ rí. Ìlú kò dá ohun rere tuntun sílẹ̀ nígbà tí ó dẹ́kun pípa ìbejì. Ojú rẹ̀ ni ó là sí èyí tí ó ti wà.

ỌMỌ NI ẸRÚ NÍLÉ ÌYÁ RẸ̀

Ẹ̀rí kejì tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé a kó ẹrú nílẹ̀ yìí. Yorùbá kó Yorùbá, Yorùbá ta Yorùbá. Òfin ìlú gbà á, ọba gbà á, ọlọ́rọ̀ fi ń yangàn. Bí ìwà rere bá jẹ́ kìkì ohun tí ìlú gbà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nígbà náà rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà oko ẹrú gan-an ni àwọn baba wa pa òwe yìí: Ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Ta ni ó pa òwe náà? Kì í ṣe àjọ àgbáyé. Kì í ṣe àlùfáà òyìnbó. Èdè wa ni, ẹnu ara wa ni. Nígbà tí ọwọ́ ìlú ń ta ènìyàn lọ́jà, ẹnu ìlú kan náà ń jẹ́rìí pé ọmọ ni. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, kò fojú kan ìyá rẹ̀ mọ́ títí di 1846 tí wọ́n pàdé ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ ni òwe náà, kí ó ro bí ojú ìyá yẹn yóò ti rí lọ́jọ́ náà.

Kí òyìnbó má sì rò pé ọwọ́ tiwọn mọ́. Títí di 1807 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fọwọ́ sí òwò ẹrú lórí òkun. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ní 1833 láti dá ẹrú sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, £20,000,000 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn olówó ẹrú nínú. Ẹrú fúnra rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Níhìn-ín pàápàá, ẹ rí i pé wọn kò ṣàìmọ̀ pé ó yẹ kí a san gbèsè fún ẹni tí a mú nǹkan rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tí wọ́n kà sí ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni wọ́n ṣì mọ̀.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ohun tí ó ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, láti ìgbà dé ìgbà, kì í sábà jẹ́ ohun tí à ń pè ní rere. Iye àwọn tí a kà mọ́ ènìyàn ni ó ń yàtọ̀. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé a kì í pa ọmọ. A kò ka ìbejì mọ́ ọmọ. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé a kì í ta ọmọ ẹni. A kò ka ẹrú mọ́ ọmọ ẹni.

ÌKÉDE 1948

Ní 1947, àjọ àwọn onímọ̀ àṣà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ kan jáde, tí Melville Herskovits, ẹni tí ó ti wá ṣe ìwádìí ní Dàhòmì, aládùúgbò wa, kọ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n kìlọ̀ pé kí àwọn aláwọ̀ funfun má ṣe sọ àṣà tiwọn di òfin fún gbogbo ayé. Ìkìlọ̀ rere ni, a sì dúpẹ́. Àmọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Disẹ́ńbà 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn: orílẹ̀-èdè 48 gbà á, kò sí ẹni tí ó kọ̀ ọ́, 8 sì dákẹ́. Gúúsù Áfíríkà wà nínú àwọn tí ó dákẹ́.

Kí ló dé tí Gúúsù Áfíríkà fi dákẹ́? Ọdún yẹn gan-an ni àwọn tí ó gbé òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà kalẹ̀ gba ìjọba níbẹ̀. Àwọn náà ní àṣà tàwọn ni. Bí a bá tẹ̀lé ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, kò sí ohun tí a lè bá wọn wí; a ó kàn sọ pé bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn nìyẹn. Àti pé àwa tí a wà lábẹ́ òyìnbó nígbà náà, tí a kò sì ní ìjókòó ní àjọ yẹn, kí ni à bá fi bá Gẹ̀ẹ́sì jà bí kì í bá ṣe òdodo kan tí ó ga ju àṣà Gẹ̀ẹ́sì àti àṣà tiwa lọ? A kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú wa. Ohun tí a wí ni pé ẹ̀tọ́ wa ni. Ẹni tí ó bá ti lo ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀tọ́, láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kò tún lè sọ ọ́ nù nígbà tí obìnrin tàbí ọmọdé ilé rẹ̀ bá lò ó.

Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà yẹn fúnra wọn ṣe ìkéde mìíràn ní 1999, tí wọ́n fi dúró lẹ́yìn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

KÍ A MÁ FI IPÁ KỌ́ NI NÍ ÌWÀ

Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ òtítọ́ lè fi òtítọ́ náà ba nǹkan jẹ́. Ní oṣù Disẹ́ńbà 1944, Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlú wàjà ní Ọ̀yọ́. Àṣà ni pé Olókùn Ẹṣin yóò bá ọba lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945 tí ó múra tán, òyìnbó aláṣẹ rán ènìyàn láti dá a dúró. Wọ́n gba ẹ̀mí baba là. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pa ara rẹ̀ dípò rẹ̀. Dúró Ládípọ̀ fi ọ̀ràn yìí ṣe eré Ọba Wàjà, Wọlé Ṣóyínká sì tún kọ tirẹ̀ ní 1975.

A kò sọ pé ó yẹ kí ènìyàn máa bá ọba kú. Ohun tí a ń sọ ni pé Olókùn Ẹṣin gbà tọkàntọkàn pé ọlá ìran òun ni, àti pé ẹni tí ó dá a dúró kò mọ ohun tí òun ń fọwọ́ kàn. Bí ìlú ṣe ń to ọlá àti ìtìjú, èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó kẹ́yìn, iṣẹ́ àṣà ni. Àlejò kò lè fi àṣẹ ọjọ́ kan tú u. Inú ilé ni àtúnṣe tí ó ń pẹ́ ti máa ń wá, bí ó ti wá fún ìbejì.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA FÚN ÀṢÀ

Nítorí náà, a fi ìbéèrè mẹ́ta lé yín lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé, Àṣà wa ni, ẹ bi í pé: Ta ni ẹrù àṣà náà wà lórí rẹ̀? Bí a bá yí ipò padà, ṣé ìwọ tí ò ń yìn ín yóò gbà láti ru ú? Bí a bá mú un kúrò, kí ni yóò bàjẹ́ gan-an?

Ẹ fi wọn wo ìdọ̀bálẹ̀. Ẹni tí ó ń dọ̀bálẹ̀ lónìí ni a óò dọ̀bálẹ̀ fún lọ́la. Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ó sì ń so ọmọ pọ̀ mọ́ àgbà. Ó yege. Kí òyìnbó pè é ní ìrẹra-ẹni-sílẹ̀ bí ó bá wù ú.

Ẹ fi wọn wo ìdábẹ́ ọmọbìnrin, tí ó ti pẹ́ ní apá ibi tiwa yìí. Ẹrù rẹ̀ wà lórí ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, egbò lè kẹ̀, ìṣòro lè wà nígbà ìbímọ. Kò sí ọkùnrin tí yóò gbà kí a ṣe é sí òun. Bí a bá mú un kúrò, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́, nítorí ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń mú ọmọbìnrin wà ní ìwà mímọ́, kì í ṣe abẹ olóólà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ṣe é léèwọ̀ ní 2015, ìpínlẹ̀ Oǹdó náà sì ṣe òfin irú rẹ̀ ní 2021. Ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kò lè wọ yàrá ìyá ọmọ. Ẹ̀yin ìyá àgbà ni ẹ lè wọ ibẹ̀.

Ẹ fi wọn wo opó tí wọ́n sé mọ́lé, tí wọ́n gba oko kòkó ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ẹnì kan kò bi ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú ní nǹkan kan. Idájọ́ náà wà lójú yín.

Ní ìparí, ẹ fi wọn wo ara yín lọ́jà. Ẹni tí kò jẹ́ rẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ jẹ, tí ó wá ń fi kóńgò èké wọn nǹkan fún àjèjì, kì í ṣe pé kò mọ rere. Ó mọ̀ ọ́n, ó kàn pa á mọ́ fún àwọn tí ó kà mọ́ra ni. Bí a ti ṣe sí ìbejì nìyẹn, bí a ti ṣe sí ẹrú nìyẹn, bí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe sí wa nìyẹn.

Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ̀yin ará Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ti rí oko ọ̀pọ̀ baba. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù máa kí ọba rẹ̀ bí wọ́n ti ń kí i nílé rẹ̀, kí ó sin òkú rẹ̀ bí wọ́n ti ń sin ín nílé rẹ̀, kí ó jẹ ohun tí ó wù ú, kí ó sì pa èèwọ̀ ìdílé rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ẹ̀mí, ara, àti èrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òwe ilé bo ìkà mọ́lẹ̀. Ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Kò sí ìlú tí igi náà kì í dunni níbẹ̀.